Eruku ọyẹ́ àti èéfín iná ìgbẹ́ láti ojú sátẹ́láìtì: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Láti Oṣù Kọkànlá wọ Oṣù Kẹta ni ìbéèrè máa ń ya wọlé nípa kùrukùru tó bo ojú ọ̀run. Ẹlòmíì á fi fọ́tò oòrùn ọ̀sán tó ràn fẹ́ẹ́rẹ́ ránṣẹ́, ẹlòmíì á ní bàlúù òun kò lè gbéra, ẹlòmíì á ní ikọ́ ọmọ òun tún ti bẹ̀rẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí kí gbogbo wa lè rí ìdáhùn wọn lójú kan. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á: àwòrán sátẹ́láìtì máa ń sọ ibi tí nǹkan ti gbéra àti ibi tó dorí kọ. Kì í fi gbogbo ìgbà sọ ohun tí imú yín ń fà sínú.

Níbo gan-an ni eruku ọyẹ́ ti ń wá?

Bodélé ni olórí orísun rẹ̀, ilẹ̀ kòtò kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Òun ni àwọn onímọ̀ kà sí ojú kan ṣoṣo tí eruku ti ń tú jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, omi ló wà níbẹ̀. Adágún Ṣáàdì ìgbà náà fẹ̀ ju ti òní lọ ní ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po, Bodélé sì ni ibi tó jìn jù nínú rẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, ohun tó ṣẹ́kù ni ẹrẹ̀ funfun fífúyẹ́, àkójọ èèpo àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, lẹ́búlẹ́bú ló ń dà.

Ibi tí kòtò náà wà ló mú ọ̀rọ̀ le sí i. Òkè Tibesti wà ní apá kan, ilẹ̀ gíga Ennedi wà ní apá kejì, àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀fúùfù láti àríwá ìlà-oòrùn ń gbà kọjá. Ẹ̀fúùfù tó bá gba ọ̀nà tóóró, eré ló máa sá. Lóru, ó máa ń sáré lókè díẹ̀ sí ilẹ̀. Bí oòrùn bá yọ tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀, á sì gbọn ẹrẹ̀ funfun yẹn dìde. Ìdí nìyẹn tí àwòrán òwúrọ̀ fi dára tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ẹ ó rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ láti ojú ilẹ̀ kan náà, gbogbo wọn kọrí sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Nǹkan bí 100 ọjọ́ lọ́dún ni èyí ń ṣẹlẹ̀.

Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, eruku náà á ti dé Màídúgùri àti Kánò. Bí ẹ̀fúùfù kò bá rẹ̀, á gba Ìlọrin wọ Ìbàdàn títí dé etíkun. Ilẹ̀ Bilma ní orílẹ̀-èdè Niger náà ń dá tirẹ̀ kún un. Eruku títì àdúgbò tí wọn kò da ọ̀dà sí kò sí nínú ìṣirò yìí o. Sátẹ́láìtì kì í rí ìyẹn.

Ta ló ń ya àwọn àwòrán yìí?

Oríṣi sátẹ́láìtì méjì ni. Oríṣi àkọ́kọ́ ń yí ayé po láti òpó àríwá sí òpó gúúsù, ó sì ń kọjá lórí wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án, lẹ́ẹ̀kan lóru. Inú wọn ni Terra, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́dún 1999, àti Aqua, ti ọdún 2002. Àwọn méjèèjì gbé ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní MODIS. Wọ́n ti dàgbà. Àwọn àbúrò wọn, Suomi NPP (2011), NOAA-20 (2017) àti NOAA-21 (2022), gbé ẹ̀rọ VIIRS tó ríran jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń dà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú. Bí ẹ bá ṣí àwòrán MODIS, ẹ lè rí ọ̀já dúdú kan tó gé Nàìjíríà já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lára fóònù yín. Fífẹ̀ ibi tí MODIS ń yà nígbà kan jẹ́ 2,330 kìlómítà, kò sì tó láti fi bo gbogbo ilẹ̀ tó wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé lóòjọ́. Ti VIIRS ju 3,000 kìlómítà lọ, àlàfo kò sí níbẹ̀. Ẹ lo VIIRS.

Oríṣi kejì kì í kúrò lójú kan. Meteosat ti ilẹ̀ Yúróòpù wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, tààrà lórí òkun tó wà ní gúúsù Ghana. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lójú rẹ̀ gbangba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń fi ya àwòrán, èyí tuntun, Meteosat-12, ń yà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí láàárọ̀, torí pé ọ̀rọ̀ eruku, ọ̀rọ̀ ìrìn ni. Àwòrán kan lóòjọ́ kò lè fi ìrìn hàn bí àwòrán ọgọ́rùn-ún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá èéfín ni tàbí eruku?

Ẹ wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Èéfín máa ń tú jáde láti ojú kan tóótòòtó, lẹ́yìn náà ni yóò máa fẹ̀ bó ṣe ń jìnnà. Bí ẹ bá tan àmì iná sórí àwòrán náà, ìyẹn àmì pupa tó ń tọ́ka sí ibi tí sátẹ́láìtì ti rí iná, ẹ ó rí i nídìí rẹ̀. Eruku kò ní àmì pupa nídìí. Orí ilẹ̀ gbalasa tí koríko kò sí ló ti ń dìde. Ní ti àwọ̀, eruku ọyẹ́ máa ń rí rẹ́súrẹ́sú, èéfín máa ń rí bí eérú tó ní búlúù díẹ̀ nínú. Ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan. Bí oòrùn bá ti ń lọ sílẹ̀, ó máa ń yí àwọ̀ ohun gbogbo padà.

Meteosat ní irú àwòrán kan tó wúlò gan-an níbí. Kì í lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ooru tí ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń tú jáde ló ń lò. Nínú rẹ̀, eruku máa ń yọ ní àwọ̀ píǹkì tó tàn yòò. Èéfín kì í sábà yọ níbẹ̀ rárá, torí ẹyọ rẹ̀ ti kéré jù. Nítorí náà, bí kùrukùru bá hàn kedere nínú àwòrán ọ̀sán tí píǹkì kò sì sí, ẹ fura sí èéfín. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ní ọ̀rinrin, ó máa ń pa píǹkì náà mọ́lẹ̀, nítorí èyí, eruku tó ti dé ìtòsí Èkó lè má hàn mọ́ bó ṣe hàn ní Kánò.

Ẹ̀rọ TROPOMI tún wà lára Sentinel-5P, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́dún 2017. Ìtànṣán oòrùn tí ojú ènìyàn kò lè rí ló fi ń wo ayé, ó sì lè rí èéfín tàbí eruku kódà bó bá wà lórí àwọsánmà. Kò kàn lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún yín ni.

Tiwa tún le ju ti ibòmíì lọ, torí àkókò kan náà ni méjèèjì ń dé. Nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ ni ọdẹ ń sun igbó tí àgbẹ̀ ń sun oko, láti Òkè-Ògùn dé Kwara, dé àríwá Benin àti Togo. Ó ju ìdajì gbogbo ilẹ̀ tí iná ń jó láyé lọ́dọọdún tó jẹ́ ti Áfíríkà. Ohun tí a ń pè ní ọyẹ́ ní Ìlọrin nínú Oṣù Kìíní, èéfín wà nínú rẹ̀.

Àwòrán ní èéfín bo ìlú wa, ṣùgbọ́n mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Méjèèjì. Láti òkè ni sátẹ́láìtì ti ń wò. Ó dà bí ẹni tó ń wo aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí wọ́n tò léra: àpapọ̀ àwọ̀ wọn ló ń rí, kò mọ èyí tó wà nísàlẹ̀. Èéfín tó wà ní kìlómítà mẹ́ta sókè àti èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yín lè jọ ara wọn lójú rẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ nípa èyí. Ní Oṣù Kìíní àti Kejì ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi bàlúù gbéra láti Niamey ní Niger láti lọ wọn ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní iná ìgbẹ́ wà nílẹ̀, aṣálẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, nítorí náà èéfín ló máa wà nísàlẹ̀ tí eruku á wà lókè. Òdìkejì ni wọ́n bá. Eruku ló wà nísàlẹ̀, èéfín ló wà lórí rẹ̀. Ọyẹ́ tutù, ó wúwo, ilẹ̀ ló ń fà mọ́. Ibi tí ọyẹ́ ti pàdé afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè níbẹ̀, ó ń gbé èéfín iná gúúsù dání, ó sì ń dà á padà sí àríwá lórí eruku. Ará Niamey ń fa eruku Bodélé sínú, èéfín igbó Benin sì ń kọjá lókè orí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbóòórùn rẹ̀.

Láti mọ gíga, ó nílò sátẹ́láìtì tó ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sílẹ̀ tó sì ń ka ìgbà tó padà. CALIPSO ṣe iṣẹ́ yìí láti 2006 di 2023. EarthCARE, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní irú lésà bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gbà kọjá nìkan ni wọ́n ń rí, kì í ṣe gbogbo ìlú.

Ìmọ̀ tiyín náà ṣe pàtàkì. Bí màjàlà bá ń já bọ́ sórí aṣọ tí ẹ sá, iná náà kò jìnnà, ẹ kò nílò sátẹ́láìtì kankan kí ẹ tó mọ̀.

Oṣù Keje ni, òjò ń rọ̀. Ṣé kò sí èéfín mọ́ nìyẹn?

Ó wà o. Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí òjò bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lọ lọ́wọ́ ní Àngólà àti apá gúúsù Kóńgò, igbó wọn sì ń jó. Èéfín ibẹ̀ máa ń bá ẹ̀fúùfù gba orí òkun wọ ilẹ̀ wa láti gúúsù. Ní Oṣù Kẹfà àti Keje ọdún 2016, iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ DACCIWA gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí ibi mẹ́ta: Kumasi ní Ghana, Ṣábẹ ní Benin, àti Ilé-Ifẹ̀. Bàlúù wọn ń gbéra láti Lomé. Lára ohun tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé èéfín iná láti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà wà nínú afẹ́fẹ́ tí àwọn ìlú etíkun ń mí, ó ń dàpọ̀ mọ́ ti ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti ààrò wa. Inú mi dùn pé méjì nínú ibi mẹ́ta yẹn jẹ́ ìlú Yorùbá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ìwé Ṣábẹ àti Ifẹ̀ mọ̀ pé ìlú wọn ni ayé ti wá kọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti rí èéfín yẹn lórí àwòrán ọ̀sán ṣòro, torí àwọsánmà ìgbà òjò bò ó. Ẹ wo ojú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Àngólà dípò rẹ̀, tàbí kí ẹ lo TROPOMI.

Báwo ni mo ṣe máa wò ó lórí fóònù mi?

Ẹ ṣí NASA Worldview, ojú òpó ayélujára ti NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kò nílò láti forúkọ sílẹ̀. Ẹ yan àwòrán VIIRS ti NOAA-20, kí ẹ fi ìka fa máàpù náà títí tí Adágún Ṣáàdì á fi wà ní àárín. Bodélé wà ní àríwá ìlà-oòrùn rẹ̀. Ọjọ́ wà nísàlẹ̀. Ẹ dá a padà sí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ wá máa tẹ̀ ẹ́ síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí eruku náà bó ṣe ń rìn bọ̀ wá sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àmì iná kún un. Bó bá jẹ́ iná nìkan lẹ fẹ́ wò, FIRMS, tó jẹ́ ti NASA bákan náà, ló yá jù: láàárín wákàtí mẹ́ta tí sátẹ́láìtì bá kọjá, àmì iná ti wà níbẹ̀. Àwòrán píǹkì ti Meteosat wà lórí EUMETView. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ dátà, ẹ dúró de Wi-Fi bó bá ṣeé ṣe.

Fún ọjọ́ iwájú, Copernicus ti Yúróòpù ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ márùn-ún jáde, àjọ kan ní Barcelona náà sì ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ eruku jáde fún gbogbo àríwá Áfíríkà. Lọ́dọ̀ wa, NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí ní Nàìjíríà, ń sọ bí ojú ṣe máa ríran jìnnà tó nínú eruku. Ẹni tó fẹ́ wọ bàlúù lọ sí Kánò nínú Oṣù Kìíní, ti NiMet ni kó kọ́kọ́ kà.

Ṣé a lè rí i lóru?

Àwòrán lásán, rárá. Àwòrán píǹkì, bẹ́ẹ̀ ni, torí ilẹ̀ kì í dẹ́kun láti máa tú ooru jáde lóru. Àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Ṣé ẹnikẹ́ni ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ilẹ̀ bóyá òótọ́ ni sátẹ́láìtì ń sọ?

Bẹ́ẹ̀ ni, nílé wa níbí sì ni. Láti 1998 ni ẹ̀rọ kan ti wà ní Ìlọrin tó jẹ́ ara àkójọ tí wọ́n ń pè ní AERONET, tí NASA ń ṣagbátẹrù. Ojú oòrùn ni ẹ̀rọ náà ń kọ sí. Ó ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tí eruku àti èéfín gbà mọ́ oòrùn lọ́wọ́ kó tó dé ilẹ̀. Bí iye náà bá jẹ́ 0.1, ojú ọ̀run mọ́. Bó bá kọjá 1, ó ti nípọn gan-an, Ìlọrin sì máa ń kọjá 1 nígbà ọyẹ́. Ìṣirò sátẹ́láìtì tó bá yàtọ̀ sí ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á padà lọ tún un ṣe. Ibi tí irú ẹ̀rọ yìí wà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ti Ìlọrin fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ará mi wà ní New York, òmíràn wà ní Bràsíl. Ṣé ó kan àwọn náà?

Ó kàn wọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹfà ọdún 2023, èéfín igbó tó ń jó ní Quebec, ní Kánádà, sọ ojú ọ̀run New York di àwọ̀ ọsàn. Lórí òṣùwọ̀n tí Amẹ́ríkà fi ń wọn ìdọ̀tí afẹ́fẹ́, ohun tó bá ti kọjá 300 ti di eléwu fún gbogbo ènìyàn. Lọ́jọ́ náà ó kọjá 400. Níbẹ̀, èéfín kò dúró lókè, ilẹ̀ ló sọ̀ sí. Ní São Paulo, ní ọjọ́ 19 Oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ilẹ̀ ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí èéfín láti ọ̀nà Amazon pàdé àwọsánmà tó nípọn.

Eruku wa náà ń lọ bá wọn. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2020, eruku Sàhárà tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá, ó bo Puerto Rico, ó dé Kúbà, ó sì wọ apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbogbo rẹ̀ lójú sátẹ́láìtì lójoojúmọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Áfíríkà ni ọ̀nà rẹ̀ máa ń yà sí gúúsù, tí yóò kọrí sí Bràsíl. Àwọn tó fi CALIPSO ṣe ìwádìí láti 2007 dé 2013 ṣírò pé nǹkan bí 182 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù eruku ló ń kúrò ní etí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dún, tí nǹkan bí 27.7 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ Amazon. Nǹkan bí 22,000 tọ́ọ̀nù phosphorus wà nínú ìyẹn, ajílẹ̀ gidi fún igbó tí òjò ń fọ ọ̀rá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Eruku tó ń mú wa wúkọ́ ń bọ́ igi lókè òkun.

Ọmọ mi ní ikọ́ fée. Kí ni kí n fi àwòrán yìí ṣe?

Ẹ fi ra àkókò. Ìyẹn ni àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù, òun ló sì mú kí n máa wò ó. Àbúrò mi kan ní Ìlọrin ní ikọ́ fée. Bí píǹkì bá ti kọjá Màídúgùri, mo máa ń pè é pé kó rí i pé ínhélà rẹ̀ kò tíì tán, kó má sì fi aṣọ ibùsùn sá síta. Kí eruku tó dé, ó ti múra.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwòrán pinnu pé afẹ́fẹ́ ti mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹyọ wẹ́wẹ́ tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí wọ́n ń pè ní PM2.5, má kọjá 15 máíkírógíráàmù lóòjọ́ nínú afẹ́fẹ́ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ẹ̀rọ ilẹ̀ ló ń wọn ìyẹn. Èéfín kún fún irú ẹyọ wẹ́wẹ́ yìí ju eruku lọ. Aṣọ tí a fi bo imú lè dín eruku kù díẹ̀, kò lè dá èéfín dúró. Ìbòmú tí wọ́n ń pè ní N95, tó bá ojú mu, ló lè ṣe é. Bí èémí ọmọ bá ń há, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Wọ́n sun oko káṣú mi. Ṣé FIRMS lè sọ ẹni tó ṣe é?

Kò lè sọ. Àmì pupa kan lórí VIIRS dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 375 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, oko yín àti ti aládùúgbò lè jọ wà nínú rẹ̀. Àmì náà wà ní àárín ilẹ̀ yẹn, kì í ṣe ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀. Iná tó bá jó tó sì kú kí sátẹ́láìtì tó kọjá kò ní hàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni iná kékeré lábẹ́ igi ńlá. Ohun tó lè ṣe fún yín ni pé ó lè fi hàn ní ọjọ́ wo ni iná ti ń jó lágbègbè yẹn, àti ọ̀nà tí èéfín gbà lọ. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà pamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mú un dání bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀.